Afọ́jú, Arọ àti Adití nínú Ìtàn àti Eré Wa

Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tí ì gbọ́ òwe amúkùn-ún rí. Wọ́n sọ fún un pé ẹrù rẹ̀ wọ́; ó sì dá wọn lóhùn pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. A máa ń pa òwe yìí láti kọ́ ara wa pé kí á wádìí ọ̀ràn kí á tó dájọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà kíyèsí, èyí ni pé amúkùn-ún fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀. Ó ru ẹrù, ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní làákàyè ju àwọn tí ń wò ó lọ. Àwọn baba wa tí wọ́n dá òwe náà fún un ní ẹnu. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa jíròrò ni pé, nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kọ àti eré tí a ń ṣe lóde òní, a ti gba ẹnu náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ tí àwa ń gbé. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, àti láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò, kò sí òpópó tí ènìyàn kò ti lè rí eré sinimá Yorùbá wò: ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó wà ní búkà, ó sì wà lórí fóònù tí ọmọdé gbé dání nínú ọkọ̀. Àwa pẹ̀lú fẹ́ràn eré wọ̀nyí, nítorí ọgbọ́n púpọ̀ ni ó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wò wọ́n láti ọdún dé ọdún, a ṣàkíyèsí pé ibi díẹ̀ ni a ti máa ń bá akàndá ẹ̀dá pàdé nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ afọ́jú, alágbe ni, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá sẹ́yìn ni ó sì sábà máa ń fọ́ ọ lójú. Bí ó bá jẹ́ abuké tàbí àfín, inú ọ̀ràn oògùn owó tàbí ọ̀ràn iwin ni a ó ti rí i. Bí ó bá jẹ́ akólòlò, a mú un wá kí á lè rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sì jẹ́ ènìyàn rere, yóò kú kí eré tó parí, tàbí kí ó rí ìwòsàn lójijì, kí inú àwọn òǹwòran lè dùn lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2022 pé ẹnì kan nínú mẹ́fà ní gbogbo ayé ni ó ní àbùkù ara kan tí ó ń dí i lọ́wọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 sì fi hàn pé àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ ju 1,200,000 lọ, kí á tó sọ ti àwọn tí wọ́n ti dé lẹ́yìn náà. Nítorí náà wọ́n wà nínú ilé wa, wọ́n wà lọ́jà, wọ́n sì wà lórí ìjókòó ní kíláàsì tí àwa olùkọ́ ń kọ́.

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ kan, a wà níbi eré tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe ní ìhà Ìgàndò. Ọmọkùnrin kan fi awò dúdú bojú, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ó sì ń kọ lu àga kiri gẹ́gẹ́ bí afọ́jú. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tí ó ń fi ọ̀pá méjì abẹ́ abíyá rìn jókòó ní ìlà kejì. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rọra ti ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì sí abẹ́ àga, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí wọn.

Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ ìtàn kan láti inú ara wọn. Ọmọbìnrin yìí kọ ìtàn arọ kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún, ó sì kọ ọ́ dáradára, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà bí a ti ń kà á. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé ìkẹyìn, ẹsẹ̀ arọ náà dá ṣáṣá, ó sì sáré lọ sílé. A bi í léèrè pé kí ni ó dé tí aláṣọ náà kò lè ta ọjà rẹ̀, kí ó jèrè, kí ó sì lọ sílé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Sà, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtàn náà kò tí ì parí.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára púpọ̀. Ọmọ náà ti kọ́ ọ pé ẹni tí ó dà bí òun kò lè dé òpin ìtàn rere láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ di ẹlòmíràn. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lójú pátákó. Ìtàn tí ó kà àti eré tí ó wò ni ó kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹnì kan tí ó gbé ayé rí ṣe àpẹẹrẹ. A bí Benjamin Adérounmú ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1925. Ojú rẹ̀ fọ́ ní èwe, ó sì wá sí Èkó, níbi tí ó ti ń rìn kiri ìgboro, tí ó ń kọrin Yorùbá sí ìlù pẹlẹbẹ kan tí ó ní ṣaworo létí, irú èyí tí àwọn obìnrin ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kòkòrò ni gbogbo Èkó mọ̀ ọ́n sí. Ó ń kọrin nípa owó àti nípa ìwà ọmọ aráyé, àwọn tí ó ríran sì ń dúró gbọ́gbọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òun ni Cyprian Ekwensi wò tí ó fi kọ ìwé The Drummer Boy, tí ó jáde ní ọdún 1960, tí àìmọye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ti kà. Akin ni orúkọ afọ́jú inú ìwé náà, ọmọdé sì ni. A kò bá Ekwensi wí. Ó ṣe ohun rere tí ó fi afọ́jú sí àárín ìtàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ìwé náà jáde, Kòkòrò ti di ẹni ọdún 35. Akin wà ní ọmọdé nínú ìwé títí di òní. Kòkòrò dàgbà, ó darúgbó, kí ó tó kú ní ọdún 2009. Ọmọ tí ó ka ìwé náà mọ bí afọ́jú ti ń jìyà ní èwe, ṣùgbọ́n kò mọ bí afọ́jú ti ń di àgbà láwùjọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú sinimá. Chinedu Ikedieze àti Osita Iheme jẹ́ ọkùnrin kúkúrú méjì tí iṣẹ́ eré yé dáadáa. Nínú Aki na Ukwa, tí ó jáde ní ọdún 2002, àwọn méjèèjì ti kúrò ní ọmọdé, síbẹ̀ ọmọ aláìgbọràn ni wọ́n fi wọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ọ̀pọ̀ eré tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n di olókìkí, ìjọba àpapọ̀ sì fi oyè MFR dá wọn lọ́lá ní ọdún 2011. Ìyìn ni fún wọn. Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé aṣọ ọmọdé ni àgbàlagbà wọ̀nyí kọ́kọ́ ní láti wọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn.

Ìgbésí ayé fúnra rẹ̀ ti kọ ìtàn tí ó dára ju èyí lọ. Ní ọdún 1997 ni jàǹbá ọkọ̀ dé bá Yínká Ayéfẹ́lẹ́, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Kò tún rìn mọ́. Láti orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni ó ti kọ orin tí a ń jó sí níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ó dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀ sì bí ìbẹ́ta ní ọdún 2019. Cobhams Asuquo, tí a bí ní afọ́jú, ni ó ṣe àkójọ orin àkọ́kọ́ Aṣa tí ó jáde ní ọdún 2007. Kò sì yẹ kí á lọ jìnnà: ní Ìṣẹrí-Ọlọ́fin, nínú Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, a dá ibì kan sílẹ̀ láti kọ́ àwọn afọ́jú ní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Ìtàn afọ́jú tí ń kọ ebè, tí ń fi ọwọ́ mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí koríko, yóò ha ṣòro láti kọ bí?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìwòsàn jẹ́ ohun rere, àti pé láti ilẹ̀ òkèèrè pàápàá ni àwọn ènìyàn ti ń wá a dé Ìkòtún. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìwé Samueli Kejì, kí ẹ wo Mefiboṣẹti, ọmọ Jonatani. Arọ ni ó jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun lórí tábìlì Dafidi, arọ náà ni ó sì jẹ́ nígbà tí ìtàn rẹ̀ parí. Nígbà tí Siba ìránṣẹ́ rẹ̀ bà á jẹ́ lọ́dọ̀ ọba, òun fúnra rẹ̀ ni ó jáde wá tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìwé Mímọ́ ṣe fún un bí òwe wa ti ṣe fún amúkùn-ún.

Ní Amẹ́ríkà, sinimá CODA, tí ó sọ ìtàn ìdílé apẹja kan tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ adití, gba ẹ̀bùn Oscar tí ó ga jù lọ ní ọdún 2022. Adití gan-an ni wọ́n fi ṣe àwọn adití inú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, Troy Kotsur, sì gba ẹ̀bùn tirẹ̀. Ní ilé, Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin fún ààbò àwọn akàndá ẹ̀dá láti ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2019. Òfin lè mú kí a ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò lè yí ìparí ìtàn tí ọmọ kan ń kọ sínú ìwé rẹ̀ padà. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Ǹjẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí ẹ bá tún ń yan ẹni tí yóò ṣe eré, ẹ má ṣe fi afọ́jú ṣe ẹ̀rín; ẹ sì fún ọmọ tí ń fi ọ̀pá rìn ní ipò ọba tàbí ti adájọ́, kí ó gùn orí ìtàgé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn arọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá arọ jókòó, kí ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín, àti ẹni tí ó ń bá a jà. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n, tàbí ahun, tàbí ọkọ rere, tàbí alágídí, bí ènìyàn yòókù ti rí. Bí ó bá sì di ojú ewé ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí ó gbé ẹrù rẹ̀ délé, bí ó tilẹ̀ wọ́.