Góòlù méjì péré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ fídíò kan tí mo ṣe ni, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Zaria tó lọ ń gbá họ́kì lórí yìnyín náà sì ni. Mo mọ̀ pé wọn ò jọra. Ẹ ṣáà máa bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi tipẹ́, ẹ máa rántí fídíò tí mo fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀kì ni nínú bọ́ọ̀lù. Ó kúrò l'Árámọkọ níbí, ó lọ gbá fún tíìmù kan nílùú mìíràn fún ọdún márùn-ún, ó padà wálé pẹ̀lú báàgì kan àti orúnkún tó wú. Mo gbé fóònù sí i lójú, mo ní, "Ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù, góòlù mélòó lẹ gbá wọlé ní gbogbo ọdún yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òdo." Mo fi orin òkú sí i nísàlẹ̀, ó parí.

Ẹ fẹ́ràn ẹ̀ o. Kò sí fídíò mi tó tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Òdo" láti ilé wa títí dé ọ̀nà ààfin Alárá. Kò bínú sí mi. Ó kàn jáwọ́ nínú lílọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́ ni, mo sì sọ fún ara mi pé orúnkún ló fà á.

Ó dáa. Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ ṣe fídíò nípa orúkọ Yorùbá tó wà níbi téèyàn ò retí ẹ̀. Bí mo ṣe bá Jarome Iginla pàdé nìyẹn. Igi ńlá o! Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀, Edmonton ní Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 1977, Adékúnlé sì wà nínú orúkọ ẹ̀. Họ́kì orí yìnyín ló gbá. Ní NHL, líìgì tó ga jù nínú eré yẹn lágbàáyé, ó gbá géèmù 1,554, ó sì ní góòlù 625. Kánádà gba wúrà Olympics pẹ̀lú ẹ̀ ní 2002 àti 2010. Èmi tó jẹ́ pé yìnyín tí mo mọ̀ ò ju èyí tí màmá wa ń dì sínú ọ̀rá fún títà lọ, tí gbogbo ẹ̀ á sì yọ́ tí iná bá ti lọ. Inú mi dùn bí ẹni pé ẹbí wa ni.

Mo wá ní kí n wò ó bóyá ọmọ Nàìjíríà mìíràn wà níbẹ̀. Ó wà. Rumun Ndur ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bí i ní Zaria lọ́jọ́ 7 oṣù Keje, 1975, Ontario ló ti dàgbà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Nàìjíríà tó gbá ní NHL. Ní 1994, nígbà tí àwọn tíìmù jókòó láti máa mú àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ni ẹni 69 tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀, Buffalo Sabres ló mú un. Láàárín 1996 sí 2000, ó gbá fún Buffalo, ó gbá fún New York Rangers, ó gbá fún Atlanta Thrashers. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, géèmù 69. (Bẹ́ẹ̀ ni, 69 náà ni. Èmi náà ṣí ojú.)

Góòlù méjì.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú fóònù mi: "Igi Ńlá 625, ọmọ Zaria 2." Orin òkú náà wà ńlẹ̀. Mo fi han àbúrò mi kó lè rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, wíńgì lọ̀gbẹ́ni yìí ni, àbí bẹ́ẹ̀kì?"

Mo wò ó. Bẹ́ẹ̀kì ni.

Ó ní, "Ẹ gbé e wá."

Fídíò Ndur tí mo rí, ìjà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìjà wà nínú iṣẹ́ ẹ̀. Nínú họ́kì, tó o bá ṣẹ̀, rẹfirí á ní kó o lọ jókòó sínú àpótí kan fún ìṣẹ́jú méjì. Tó bá jẹ́ ìjà, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìjókòó Ndur ní NHL, tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀, ìṣẹ́jú 137 ni, géèmù kan sì rèé, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni. Mi ò ní fi ìyẹn pe ẹnikẹ́ni ní akọni. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, tíìmù máa ń fẹ́ ẹni tí á dúró níwájú àwọn tó ń gbá góòlù wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe wọ́n léṣe. Ẹlòmíì ló ń jẹ ìpàtẹ́wọ́, ìwọ lò ń jẹ ẹ̀ṣẹ́.

Torí náà a wá géèmù mìíràn wò, kó lè fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀kì gan-an hàn mí. Dátà mi ló jẹ o, mi ò tíì gbàgbé.

Ó ní, "Ẹ yé wo rọ́bà dúdú yẹn. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ sẹ́yìn."

Èèyàn mẹ́fà ló ń wà lórí yìnyín fún tíìmù kan: gólì, bẹ́ẹ̀kì méjì, àwọn mẹ́ta tó ń ṣe iwájú. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbá a wọlé ń sáré síwájú. Bẹ́ẹ̀kì ń sáré sẹ́yìn, lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ bàtà ẹ̀, ojú ẹ̀ sì wà lára ẹni tó ń bọ̀. Kò tiẹ̀ gba rọ́bà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kàn ń dínà fún un díẹ̀díẹ̀, ó na ọ̀pá ẹ̀ síbi tí ẹni yẹn ì bá gbá a gbà, ó ń tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, títí kò fi rí ojú ilé mọ́. Ó gbá a ṣá, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò sẹ́ni tó pariwo. Kò ì tíì pé ìṣẹ́jú kan tí bẹ́ẹ̀kì fi fo ògiri jáde, tí ẹlòmíì wọlé, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi ní, "Ṣé ẹ rí i?" Mo ní kí ni. Ó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà kí n tó rí i.

Ó wá sọ fún mi pé nínú họ́kì, góòlù tó bá wọlé yín nígbà tó o wà lórí yìnyín, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ọ lọ́rùn. Kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, a jọ kà á ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Níbi tí mo ti gbá, kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ èyí tí mi ò jẹ́ kó wọlé sí."

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, kò tiẹ̀ wò mí: "Àǹtí mi, ẹ bi mí léèrè iye tí mo gbá wọlé. Ẹ ò bi mí léèrè iye tó wọlé wa. Òdo tẹ́ ẹ fi mí rín yẹn, òun ni wọ́n ń sanwó fún mi láti ṣe."

Mi ò rí nǹkan sọ.

Ndur kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn NHL. Ó lọ sí Yúróòpù, ó gbá ní Austria, ó gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Coventry Blaze àti Nottingham Panthers. Ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ṣì ń sanwó fún un kó máa sáré sẹ́yìn. Mo pa ohun tí mo kọ nípa ẹ̀ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti àbúrò mi ló le. Fídíò yẹn làwọn tó ń fún mi níṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ rí, òun ló ra fóònù tí mo fi ń kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ṣí i, tí mo ń tì í. Àárọ̀ yìí ni mo yọ ọ́. Ẹni tó bá ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́.

Mo sọ fún un. Ó ní ó dáa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún padà wá, ó ní wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní agogo mẹ́rin, orúnkún òun ti rọlẹ̀, pé mo lè wá, ṣùgbọ́n kí n fi fóònù sílẹ̀ sílé.