Láti Makoko dé Ganvié: Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan

Ẹ̀yin ìyá àti ìyàwó ilé tí ẹ ń gbé ní Surulere, Yaba àti Mushin, ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ni ó ti jẹ ẹja yíyan tí ó wá láti Makoko, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin Ègùn kan ni èmi ń ra tèmi lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ìyá Ẹlẹ́ja ni mo ń pè é. Òun a sì máa pè mí ní Ìyàwó, nítorí ó tó bí mi lọ́mọ. Ẹja rẹ̀ a máa gbẹ dáadáa, kì í sì í bu. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ, títí di ọjọ́ tí mo sọ fún un pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni fẹ́ lọ wo ìlú orí omi kan ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń pè ní Ganvié. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi."

Ó wá sọ fún mi pé ìyá òun kú ní 2020. Ẹ ó rántí pé ìjọba ilẹ̀ wa ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019, wọn kò sì ṣí ti Sèmè títí di oṣù Kejìlá 2020. Wọ́n sin ìyá rẹ̀ láìsí i níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti lè fi ojú kan ilé náà. Bí ìrìn-àjò tí a pète fún fàájì ẹni méjì ṣe di ti ẹni mẹ́ta nìyẹn.

Ní agogo mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Sátidé ni a fi ilé sílẹ̀, a wọ ọkọ̀ ní Mile 2, a sì gba ọ̀nà Badagry lọ. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà dá yín lágara; ẹni tí ó bá ti gbà á rí mọ ohun tí egungun ẹ̀yìn wa rí. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kí a lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání, kí ẹ sì mú yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé tí ó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ní ti owó, ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tí ó bá ṣẹ́ ẹ fún yín. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí a ti ń ṣètò ìnáwó ilé, n kò ka owó sẹ́fà tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ títí a fi wọ tasí. Nígbà tí mo kà á, ó dín. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín dé Àjàṣẹ́.

Àjàṣẹ́ ni àwọn baba wa ń pe ìlú tí àwọn Òyìnbó Potogí sọ ní Porto-Novo, olú-ìlú ilẹ̀ Benin. Bí ẹ bá dé ọjà wọn, ẹ kò ní ṣe àjèjì, nítorí Yorùbá kún ibẹ̀. A wo ààfin Ọba Toffa, ẹni tí ó jọba láti 1874 títí di 1908. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn, àgbàlá kan ń tú sínú òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi gbọ́dọ̀ tẹrí ba kí ó tó wọlé, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà, àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n padà bọ̀ láti Brazil, kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ẹni tí kò bá bèèrè yóò pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí bí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Nípasẹ̀ ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fún àwọn Potogí, àwọn ọmọ wọn sì tún padà wá síbẹ̀ wá kọ́ ilé Ọlọ́run.

Àmìwó ni a jẹ ní ọ̀sán níbẹ̀, mo sì gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sè é lẹ́nu obìnrin tí ó sè é. Bí ẹ bá ti se adìẹ, ẹ má da omi rẹ̀ nù. Ẹ din tòmátì, ata àti àlùbọ́sà lílọ̀ nínú epo títí ìkan rẹ̀ yóò fi lọ, kí ẹ da omi adìẹ náà sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó. Ẹ fi omi tútù po díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, ẹ dà á sínú rẹ̀, ẹ rò ó bí ẹ̀kọ; lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fi ìyẹ̀fun gbígbẹ tí ó kù sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó títí yóò fi le bí ọkà. Ẹ dín iná kù, kí ó má baà jó. Àwọn ọmọ tí wọ́n kì í fẹ́ jẹ tùwó yóò jẹ èyí.

Láti Àjàṣẹ́ a gba Kútọnu kọjá lọ sí Calavi, níbi tí a ti ń wọkọ̀ lórí ọ̀sà Nokoué. Omi náà tẹ́ lọ títí, ṣùgbọ́n kò jìn. Ọ̀pá ni àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń ti ọkọ̀ níbi púpọ̀. Lójú omi ni a ti rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bí ọgbà. Ìyá Ẹlẹ́ja ní akaja ni wọ́n ń pè é. Ẹja a máa sá sí abẹ́ àwọn ẹ̀ka náà, wọn a máa jẹ ohun tí ó bá hù lára igi, wọn a sì máa bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olóko omi yóò fi àwọ̀n yí i ká, yóò sì kó ìkórè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ganvié yọ: ilé lórí òpó, òmíràn oníkoríko, òmíràn onípáànù, ọ̀nà láàárín wọn sì jẹ́ omi. Ìtàn sọ pé àwọn Tọ̀fìnù tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sá fún àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú fún ọba Dàhòmì ní Àgbómè. Ẹ̀sìn àwọn jagunjagun Fọ̀n kò gbà wọ́n láyè láti jà lórí omi, nítorí náà àwọn tí wọ́n ń sá kọ́ ilé síbi tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé. Orúkọ ìlú náà pàápàá ń sọ pé àwọn ti là.

Àwọn obìnrin jókòó nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n pẹ̀lú akẹtẹ̀ ńlá lórí, wọ́n ń ta ata, ẹ̀kọ àti ẹja. Àwọn mìíràn tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì láti ra omi mímu. Ọmọ tí kò ju ọdún méje lọ wa ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ níwájú. Mo gbé fóònù mi sókè láti ya wọ́n ní fọ́tò. Obìnrin kan fi akẹtẹ̀ bo ojú, ìkejì yí ẹ̀yìn padà.

"Ìyàwó, gbé e sílẹ̀," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ó dára lójú ni."

Ó wò mí. "Ṣé tiwa ní Makoko kò dára lójú ni? O kò yà wá rí."

N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni. Bí mo bá ń gba afárá Third Mainland kọjá, tí èéfín ààrò wọn bá dé ọ̀dọ̀ mi, gíláàsì ọkọ̀ ni mo máa ń gbé sókè. Ilé orí òpó kan náà ni, Ègùn kan náà ni, ẹja kan náà ni. Láti 1996 ni ìjọba Benin ti fi orúkọ Ganvié sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UNESCO, kí wọ́n lè kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Ní Makoko, ní oṣù Keje 2012, wákàtí 72 ni wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀ láti kó jáde, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé. N kò sọ pé omi ìdọ̀tí abẹ́ ilé dára fún ọmọ, iṣẹ́ mi kò ní jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí wà ní Ganvié náà, èmi ni mo sì sanwó kí n tó wò ó.

Ọkọ̀ wa dúró lábẹ́ ilé ìyá rẹ̀. Àbúrò ìyá náà yọjú lójú fèrèsé, ó kígbe orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí. Orúkọ Ìyá Ẹlẹ́ja ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó sí igun kan lórí pákó nígbà tí àwọn méjèèjì ń sunkún, tí wọ́n sì ń sọ èdè wọn. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n bu ẹja fún wa. Ààrò amọ̀ tí wọ́n fi ń yan án wà ní ẹ̀yìn ilé, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ tẹ́ nípọn kí iná má baà dé ara pákó. Ọgbọ́n tí mo ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni èyí.

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lọ nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi fi ọkọ̀ gbé wa láti Mile 2 dé etí omi Makoko. Ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja ti ń dúró pẹ̀lú ọkọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja tí wọ́n fún un wọlé, ó jókòó, ó wá yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ọdún mẹ́fà nìyí. O ò wá ní mu omi nílé mi?"

Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ní òun yóò dúró. Mo bọ́ bàtà, mo sì na ọwọ́ sí ọmọ náà kí ó fà mí wọlé.