Abẹ́rẹ́ Tí Ń Purọ́ Epo

Ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì kò wọ́pọ̀ ní ìgboro Ìbàdàn. Ọ̀nà ìlú náà kò bá a lára mu, nítorí pé ìsàlẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ kan ilẹ̀, gegele àti kòtò sì pọ̀ lójú títì. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ní Triumph Spitfire, irú èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 títí di 1980, tí ó sì wà á la Bódìjà kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọdé yóò dúró wò ó, àwọn àgbà pàápàá yóò sì yí ọrùn. Ohun tí àwọn tí ń wò ó lè má mọ̀ ni ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn awakọ̀: kò mọ iye epo tí ó kù nínú táǹkì.

Ká sọ pé ọkọ̀ náà jẹ́ ti àgbà olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó rà á nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ó ti pẹ́ tí abẹ́rẹ́ géèjì epo rẹ̀ ti sùn sórí lẹ́tà E, èyí tí ó túmọ̀ sí pé táǹkì ṣófo. Bí táǹkì kún dé ẹnu, E ni. Bí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, E náà ni. Láyé ìgbà kan, baba náà kò ka èyí sí. Yóò kún táǹkì ní ọjọ́ Sátidé, yóò sì máa ka iye máìlì tí ó bá rìn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun kéde ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ pé ìjọba kò ní bá ará ìlú san nínú owó bẹntiróòlù mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iye tí wọ́n ń ta á ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ta ni yóò tún máa kún táǹkì ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni a ń rà á, ẹni tí ó bá sì ń ra epo díẹ̀díẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó kù. Nígbà tí ọkọ̀ náà dákẹ́ mọ́ baba lọ́wọ́ ní òkè Mọ́kọ́lá, tí àwọn takisí ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ ra kẹ́ẹ̀gì, ó rọ epo sínú rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni tí ó bá gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn Ìbàdàn, ikú ni ó gbé sẹ́yìn ara rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ní géèjì epo láti ìbẹ̀rẹ̀. Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá kò ní in títí di nǹkan bí 1961. Ọ̀pá kékeré kan ni ó wà nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, awakọ̀ yóò yí ọ̀pá náà, epo bíi lítà 5 tí a fi pamọ́ yóò sì ṣàn wọlé. Ìjàpá kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sọ ohunkóhun. Géèjì tí ń purọ́ burú ju àìsí géèjì lọ.

Nígbà tí ẹ̀rù kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í ba baba, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin rẹ́wáyà kan ní Ring Road. Ọmọ náà tẹjú mọ́ géèjì, kò pẹ́ rárá tí ó fi dájọ́.

“Bàbá, ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí a wá òmíràn rà.”

“Ta ni ó sọ fún ọ pé ó ti kú?” ni baba dáhùn. “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ kò tíì gbọ́ ti wáyà, o kò sì tíì gbọ́ ti táǹkì.”

“Ẹ má bínú, sà. Báwo ni a ó ṣe gbọ́ tiwọn?”

Ọ̀rọ̀ baba tọ́, nítorí pé géèjì kò rí epo rí láyé rẹ̀. Ìròyìn ni ó ń gbọ́. Ohun kan wà nínú táǹkì tí ó ń léfòó lójú epo, ó sì so mọ́ apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí epo bá pọ̀, òléfòó yìí yóò gòkè, apá irin náà yóò sì dín ìdènà tí ó wà lójú ọ̀nà iná mànàmáná kù. Iná púpọ̀ yóò wá kọjá lára géèjì. Nínú géèjì, irin oríṣi méjì tí a lẹ̀ pọ̀ yóò gbóná, yóò tẹ̀, yóò sì ti abẹ́rẹ́ lọ sí F, èyí tí ó túmọ̀ sí pé táǹkì kún. Bí epo bá lọ sílẹ̀, ìdènà yóò pọ̀, irin yóò tutù, abẹ́rẹ́ yóò sì padà sí E. Nítorí pé ooru ni ó ń tì í, abẹ́rẹ́ kì í sáré. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò rò pé kò ṣiṣẹ́. Bí wáyà bá já pátápátá, E ni abẹ́rẹ́ yóò máa wí. Bí wáyà bá bó, tí ó sì kan ara ọkọ̀, F ni yóò máa wí, bí táǹkì tilẹ̀ gbẹ.

Baba kọ́kọ́ ní kí ọmọ náà wo géèjì kejì, èyí tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Òótọ́ ni ó ń sọ. Nínú Spitfire tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1970, àpótí pẹlẹbẹ kan ni ó ń fún géèjì méjèèjì ní iná, tí ó ń ṣe é kí ó dà bí fóòtì 10, kí abẹ́rẹ́ má baà máa bá bátìrì lọ sókè sódò. Bí ó bá jẹ́ pé àpótí yìí ni ó bàjẹ́, àwọn méjèèjì ni ìbá máa ṣe ségesège. Bẹ́ẹ̀ ni àpótí ṣe bọ́ nínú ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pa ọkọ̀, wọ́n yọ wáyà kúrò lára táǹkì, wọ́n sì fi wáyà gígùn mìíràn so ó mọ́ irin ara ọkọ̀ ní ọ̀nà jíjìn sí táǹkì. Ìgbà tí wọ́n so ó tán dáadáa ni baba tó ṣí kọ́kọ́rọ́. Ètò yìí ṣe pàtàkì púpọ̀: ẹni tí ó bá ṣí kọ́kọ́rọ́ kí ó tó fi wáyà kan irin lẹ́nu táǹkì ń ṣáná sí èéfín bẹntiróòlù. Abẹ́rẹ́ dúró díẹ̀, ó mira, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè títí ó fi dé F. Baba tètè pa á. Géèjì tí wọ́n ní ó ti kú yè; wáyà náà kò sì lẹ́bi. Ọ̀dọ̀ táǹkì ni irọ́ ti ń wá.

Ọmọ náà ti mú sípánà láti tú táǹkì. Baba dá a dúró. Títú táǹkì kì í ṣe iṣẹ́ kékeré: a gbọ́dọ̀ yọ bátìrì, a gbọ́dọ̀ fa epo jáde, kò sì gbọdọ̀ sí iná tàbí sìgá nítòsí. Lóòótọ́, bí òléfòó bá lu, tí epo sì wọ inú rẹ̀, rírì ni yóò rì, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju títú lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù tí kò náni ní nǹkan kan. Iná tí ó bá kọjá lára apá irin inú táǹkì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí ara ọkọ̀, èyí tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún pa ọkọ̀, wọ́n dá wáyà àkọ́kọ́ padà sí ààyè rẹ̀, wọ́n sì fi òmíràn so irin ẹnu táǹkì mọ́ ibi tí ó mọ́ lára ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ rọra gòkè, ó sì dúró sí ibi tí ó fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Ìpẹtà ni ó jẹ ojú ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ti kan irin. Wọ́n fi pépà onírìn nù ún títí ó fi ń dán, wọ́n sì dè é pa dà.

Baba gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ náà. Nígbà tí epo fẹ́rẹ̀ tán, ó wọ ilé epo, ó ra lítà 5, ó dúró kí abẹ́rẹ́ fara balẹ̀, ó kọ ibi tí ó dé sínú ìwé, ó tún ra 5 mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí owó ọwọ́ rẹ̀ fi tán. Ó lẹ ìwé náà mọ́ inú ọkọ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ka abẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá, nítorí pé epo a máa ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan táǹkì. Kí ó dúró di ìgbà tí ó bá dé ibi títẹ́jú ní Dùgbẹ̀.