Ta Ló Ní Kí Olè Ní Àpá Lójú?

Ọmọkùnrin tí wọ́n fún ní ipa olè nínú eré àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Adó-Àwáyè ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó jókòó síwájú mi, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè, ó ní: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe àpá gbọọrọ kan síbí, kí wọ́n lè tètè mọ̀ pé olè ni mí." Mo ṣe é fún un. Nígbà tó bọ́ sójú agbo, kò tíì lanu sọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń pariwo, "Olè! Olè!" Eré parí, a pàtẹ́wọ́, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò lọ. Mo tún ìwé eré náà kà. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé olè yẹn ní àpá. Ta ló wá sọ fún un? Ta ló sì sọ fún àwọn tó ń wòran?

Ṣíṣe ọgbẹ́ àti àpá fún eléré kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun o. Ìfẹ́ rẹ̀ ló kàn wọ̀ mí lára. Iṣẹ́ ọwọ́ Hakeem Onilogbo, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Hakeem Effect, ni mo rí nínú fíìmù wa, tí mo fi mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà náà lè ṣe ọgbẹ́ tí èèyàn á fẹ́ sáré wá dókítà fún. Dick Smith, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ojú ọmọbìnrin inú fíìmù The Exorcist ti ọdún 1973, ti ṣe ìwé kan jáde lọ́dún 1965 fún àwọn ọmọdé tó fẹ́ fi nǹkan inú ilé dán irú iṣẹ́ yìí wò. Nǹkan inú ilé lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Vaseline àti fúláwà ni mo pò tó di ẹran ara. Ṣúgà tí mo sè títí tó fi ki, pẹ̀lú àwọ̀ pupa àti kòkó lúbúlúbú díẹ̀, ló di ẹ̀jẹ̀. Bí kòkó yẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á pọ́n jù, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́.

Àpá ní tiẹ̀, rọ́bà olómi ni mo fi ń ṣe é. Ẹ̀yìn ọwọ́ eléré ni mo ti kọ́kọ́ máa ń dán an wò, torí àwọn kan wà tí ara wọn kọ rọ́bà. Lẹ́yìn náà, mo fi òrí pa irun tó bá wà nítòsí, kí rọ́bà má bàa fà á tu. Mo kun rọ́bà díẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, òórùn rẹ̀ á ta wá nímú, mo ya tísù tẹ́ẹ́rẹ́ lé e, mo tún fi rọ́bà bò ó, mo fẹ́ ẹ títí tó fi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni n óò máa tò ó lérí ara wọn. Etí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí etí bá nípọn, àṣírí tú. Gelatin ni àwọn mìíràn ń lò, àmọ́ oòrùn Òkè-Ògùn kò gbà fún un: kí eléré tó dé ìdajì eré, ọgbẹ́ ti yọ́ wá sí àgbọ̀n.

Ibi tí mo ti ń po àwọ̀ àpá ọmọ yẹn ni àbúrò ìyá mi ti wá sí mi lọ́kàn. Kẹrosíìnì àdàlù ló gbiná mọ́ ọn lójú nígbà tó ń tan sítóòfù. Ọgbẹ́ náà jinná, àmọ́ ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ kan wálẹ̀, awọ ọrùn rẹ̀ sì sún kì mọ́ àgbọ̀n. Ìrẹsì ló ń tà létí ọjà, àwọn tó ń jẹ ẹ́ kì í sì í yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n bá bá ìyá rẹ̀ wá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í bínú. Á bu ẹran kan sórí ìdérí abọ́, á gbé e sílẹ̀, á kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ọmọ á fi wá mú un. Ojú rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí awọ tó jóná ṣe máa ń dán, bó ṣe máa ń fà ní etí, bí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe rí bákan náà láti òkè dé ilẹ̀. Ìmọ̀ tí mo kó lójú obìnrin tí kò jí abẹ́rẹ́ rí ni mo wá fi sàmì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ olè.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣì fi Ìgbòho, níhìn-ín ní Òkè-Ògùn, ṣe olú ìlú, Aláàfin Abípa fẹ́ kó gbogbo wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè àgbà rẹ̀, kò fẹ́. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde lọ́dún 1921, ó ní Baṣọ̀run mú abuké wá, Alápìíní mú àfín, Aṣípa mú adẹ́tẹ̀, àwọn yòókù mú aràrá, arọ àti ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta. Wọ́n kó wọn lọ sí ahoro ìlú náà lóru, kí wọ́n máa gbé iná kiri, kí wọ́n máa ké pé kò sáyè. Àwọn ìránṣẹ́ ọba sá padà wálé, wọ́n ní iwin ti gba ìlú. Àwọn ọdẹ ni Abípa rán lọ tí wọ́n fi kó gbogbo iwin náà. Ọba pe àwọn ìjòyè jọ, ó ní kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé ọtí fún ọ̀gá tó rán an níṣẹ́. Joel Adedeji, onímọ̀ eré ìtàgé, so ìtàn yìí mọ́ ìpìlẹ̀ eré alárìnjò wa.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, ojú tó ti àwọn ìjòyè la fi ń rẹ́rìn-ín. A kì í bi abuké léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀ pé wọ́n ní bó ṣe wà yẹn ti tó láti fi lé èèyàn sá. Ìtàn kò sọ pé wọ́n kun ẹnikẹ́ni ní osùn tàbí ẹfun. Ara tí Ọlọ́run fún wọn làwọn ìjòyè yá lò.

Ẹnì kan lè ní bí ojú èèyàn ṣe rí nìyẹn, pé àpá ló ń dẹ́rù bani. Irọ́ ni. Àpá náà kúkú ni pélé, gọ̀ǹbọ́ àti àbàjà. Abẹ ló là wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ló jáde, ọmọ sunkún, síbẹ̀ àwọn baba wa wò wọ́n, wọ́n rí ilé tó bí èèyàn, wọ́n rí ẹwà. Lónìí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò gbà kí a kọ ilà fún ọmọ mọ́, àwọn ọmọ wa sì ń fi onílà ṣe yẹ̀yẹ́. Awọ kò yí padà. Àwa tí à ń wò ó la yí padà. Ohun tí a fúnra wa kọ́, a lè gbàgbé rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí pàápàá mọ ọ̀nà mìíràn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Anna Coleman Ladd, ará Amẹ́ríkà tó ń gbẹ́ ère, lọ sí Paris, ó ń fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ìbòjú fún àwọn sójà tí ìbọn ti ba ojú wọn jẹ́. Ó ń kùn ún lára onítọ̀hún kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ti ara mu. Ní ọdún 2018, British Film Institute kéde pé àwọn kò ní náwó mọ́ lórí fíìmù tó bá fi àpá ojú ṣe àmì ọ̀daràn. Àwa kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi owó halẹ̀ mọ́ wa kí a tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Mo ti rí i pé àpá tí mo ṣe fún ọmọ yẹn, ọ̀lẹ ló sọ ọ́ dà. Kò yọ́ rìn, kò wẹ̀yìn, kò fi ojú jalè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti bá a ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù, bí ẹ bá fẹ́ àpá, ẹ sọ ẹni tó ṣá onítọ̀hún fún wa àti ohun tó fà á. Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ olè máa dán. Ẹ wá fi àpá sójú olùkọ́, ẹ fi sójú dókítà, ẹ fi sójú ìyàwó tuntun. Irú àpá bẹ́ẹ̀, èmi á bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.