Tẹmómítà Onímẹ́kúrì Ń Kógbá Sílé

Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe ni pé yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, yóò sún ọwọ́ náà sí ọrùn, yóò sì tún kì í bọ abẹ́ abíyá. Ọwọ́ ni tẹmómítà tó pẹ́ jù lọ láyé, kò sì tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ a máa sọ pé ara gbóná. Ohun tí kò lè sọ ni bí ó ti gbóná tó, àti bóyá ìgbóná ti òwúrọ̀ yìí ju ti alẹ́ àná lọ. Ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ tán nínú omi tútù lè ka ara tó wà ní àlàáfíà sí ara gbígbóná. Nítorí irú èyí ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ onígíláàsì kan ṣe wọ ilé àwọn ènìyàn, èyí tí ohun dídán bíi fàdákà wà ní ìdí rẹ̀, tó ń gbé inú ike gígùn nínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n sì ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá yìí ni ayé ti ń lé lọ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ìdí tí wọ́n fi ń lé e, àti ohun tó ń gba ipò rẹ̀, kan ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́ ọmọ.

Daniel Gabriel Fahrenheit ni wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tó kọ́kọ́ ṣe tẹmómítà onímẹ́kúrì tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlú Danzig, tó ń jẹ́ Gdańsk ní ilẹ̀ Poland lónìí, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1686, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Netherlands ló ti ṣiṣẹ́ jù lọ. Kí ó tó ṣe tirẹ̀ ní 1714, ọtí líle tàbí afẹ́fẹ́ ló wọ́pọ̀ nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣòro kí méjì nínú wọn sọ ohun kan náà bí wọ́n bá tilẹ̀ wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ní 1742, Anders Celsius, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Sweden, pín àlàfo tó wà láàrin omi dídì àti omi híhó sí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òdo ni ó fi sí ibi tí omi ti ń hó, tí ó sì fi 100 sí ibi tí omi ti ń dì. Àwọn tó tẹ̀lé e ló yí i padà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí ara ọmọ bá ti ń gbóná sí i ni nọ́ńbà ìbá máa wálẹ̀ sí i.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́kúrì? Irin ni, ṣùgbọ́n irin tó ń ṣàn bí omi ni. Kì í dì àfi bí òtútù bá lọ sílẹ̀ tó 39 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í hó títí ìgbóná yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 357. Bí ìgbóná bá ti ń pọ̀ ni ó ń wú ní ìwọ̀n tó dọ́gba, kì í lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ojú sì ń rí i kedere. Nínú èyí tí ilé ìwòsàn ń lò, wọ́n tún dá ọgbọ́n kan sí i: wọ́n fún ihò inú gíláàsì náà pọ̀ níbi tó súnmọ́ ìdí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé mẹ́kúrì tó bá ti gòkè kò ní lè padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lábẹ́ abíyá. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń gbọn ọwọ́ ṣáṣá kí ó tó lò ó fún aláìsàn mìíràn. Kò béèrè bátìrì, kò béèrè iná NEPA. Tí ẹnikẹ́ni kò bá fọ́ ọ, ó lè ju ọjọ́ orí ẹni tó rà á lọ.

Síbẹ̀, nǹkan bí 150 ọdún kọjá kí ó tó di ohun tí dókítà lè kì bọ àpò. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, aláìsàn a sì máa dì í mú fún ogún ìṣẹ́jú. Thomas Clifford Allbutt, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gé e kúrú sí nǹkan bí ínǹṣì mẹ́fà ní 1866, tó sì dín àkókò rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní 1868, Carl Wunderlich ní ìlú Leipzig tẹ ìwé jáde lórí ìgbóná ara nǹkan bí 25,000 aláìsàn. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni 37 tí gbogbo ayé mọ̀ ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí ìgbà tiwa fi hàn pé ìpíndọ́gba ara àwọn ènìyàn òde òní rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Nọ́ńbà yìí kọ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ Wunderlich. Òun ló jẹ́ kí àwọn dókítà gbà pé ara gbígbóná kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àmì àrùn ni.

Àwọn tó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣì ní irinṣẹ́ yóò rántí ọjọ́ tí tẹmómítà bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Kò sí ẹni tó ń sá. Ńṣe ni gbogbo kíláàsì máa ń rọ́ wá wo àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ń yí kiri lórí tábìlì, tí wọ́n ń fi ìka tì wọ́n, tí ọ̀kan ń di mẹ́ta, tí mẹ́ta tún ń padà di ọ̀kan. Ẹni tó bá láyà a gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó rẹwà, kò sì ta ènìyàn lára, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Mẹ́kúrì tí ọmọ bá ṣèèṣì gbé mì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ti wọlé. Èyí tó fọ́n sí ilẹ̀ yàrá, tó wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí àlàfo ilẹ̀, ni ewu wà lára rẹ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń di èéfín tí ojú kò lè rí, tí imú kò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ń gba èéfín yìí sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e lọ sí ọpọlọ àti kíndìnrín. Ọmọ ọwọ́ tó ń rákò súnmọ́ ilẹ̀ ju àgbà lọ.

Kò yẹ kí a bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà ju bó ti yẹ lọ. Mẹ́kúrì inú tẹmómítà kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ, tẹmómítà kan tó fọ́ nínú yàrá tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀ tí wọ́n sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ dáadáa kì í sábà pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan ló ń fọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá. Àfọ́kù wọn a dà pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí, wọn a sì dáná sun ún ní ẹ̀yìn ilé, bí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Iná á gbé mẹ́kúrì sí ojú ọ̀run, òjò á dà á padà sínú odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ á sì sọ ọ́ di oríṣi mìíràn tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó ń kó sínú ẹran ara ẹja.

Oríṣi kejì yìí ló sọ orúkọ ìlú Minamata ní Japan di mímọ̀. Ní 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn àjèjì kan láàrin àwọn apẹja ibẹ̀: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ológbò ń ta gìrì kiri bí ẹni ń jó kí wọ́n tó kú, àwọn aboyún sì ń bí ọmọ tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́. Omi ìdọ̀tí tí ilé iṣẹ́ Chisso ń dà sínú òkun ló fà á, kì í ṣe tẹmómítà. Àmọ́ tẹmómítà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Kodaikanal, ìlú orí òkè kan ní gúúsù Íńdíà, ilé iṣẹ́ kan ń ṣe tẹmómítà fún ọjà òkè òkun. Ní 2001, àwọn ará ìlú rí àfọ́kù gíláàsì tó ní mẹ́kúrì lára, tó ti inú ilé iṣẹ́ náà wá, ní ọ̀dọ̀ oníṣòwò pàǹtí. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa lọ́dún yẹn. Ó di 2016, ìyẹn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, kí àdéhùn owó ìtanràn tó wáyé pẹ̀lú 591 nínú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ìwọ̀n ìgbóná tó péye ni àwọn ilé ìwòsàn ọ̀nà jíjìn rà. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni èéfín rẹ̀ kù sí lọ́rùn.

Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòpin sí títa tẹmómítà ibà onímẹ́kúrì tuntun ní 2009. Ní 1 Oṣù Kẹta 2011, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òṣùwọ̀n, NIST, jáwọ́ nínú yíyẹ tẹmómítà onímẹ́kúrì wò fún àwọn oníbàárà rẹ̀, lẹ́yìn tó ti ṣe é fún bí 110 ọdún. Ní 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, Nàìjíríà sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2018. Àdéhùn náà ní kò gbọdọ̀ sí ṣíṣe tẹmómítà onímẹ́kúrì, kíkó o wọlé tàbí kíkó o jáde mọ́ lẹ́yìn 2020, àfi ìwọ̀nba fún iṣẹ́ tí kò tíì sí àrọ́pò fún. Kò fòfin de lílo èyí tó ti wà nínú ilé. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ṣí dúrọ́ọ̀ ìyá àgbà lónìí ṣì lè bá ọ̀kan pàdé.

Àwọn tó ń gba ipò rẹ̀ pọ̀, wọn kò sì ṣe déédéé ara wọn. Èyí tí omi pupa wà nínú rẹ̀, ọtí líle tí wọ́n pa láró ni. Ó dára fún yàrá àti fíríìjì, ṣùgbọ́n ọtí máa ń hó ní 78, kò ṣe é kì bọ omi híhó. Oríṣi kan tún wà tó jọ ti mẹ́kúrì bí ìbejì, tí wọ́n po irin mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀: gallium, indium àti idẹ funfun tí wọ́n ń pè ní tin. Òun náà kò béèrè bátìrì, kò sì ní májèlé mẹ́kúrì, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n án wálẹ̀ a máa gba agbára.

Èyí tó kún orí àtẹ àwọn kẹ́míìsì ni onínọ́ńbà tó ń dún tí ó bá parí iṣẹ́. Ohun kékeré kan wà ní ẹnu rẹ̀ tí ó máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá fàlàlà bí ìgbóná bá ti ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì ka ìyàtọ̀ yẹn bí ìgbóná. Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ àgbà nọ́ọ̀sì fi ń kàn án ni pé ó máa ń parọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀: bátìrì tó ti rẹ̀, àti ayédèrú tó kún ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irọ́ tí wọ́n ń gbé kà á lórí, ìkánjú ẹni tó lò ó ni. Abíyá tó lómi, apá ọmọ tí wọn kò dì mọ́ ìhà rẹ̀, ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ gbígbóná: kò sí tẹmómítà tí ìwọ̀nyí kò ní tàn jẹ. Ti mẹ́kúrì pàápàá, bí wọ́n bá yọ ọ́ kí ìṣẹ́jú tó pé, irọ́ ni yóò pa. Ọjọ́ ti sọ ọ́ di ẹni tí wọn kò fura sí ni.

Ti ìbọn ńkọ́? Oṣù Keje 2014, nígbà tí Èbólà wọ Èkó, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ rí i kí wọ́n nà án sí iwájú orí wọn. Nígbà tó fi di 2020 tí Kòrónà dé, kò sí ẹnu ọ̀nà báǹkì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá tí kò sí. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí, tí gbogbo ara gbígbóná ń tú jáde, ni ó ń kà. William Herschel ló ṣàwárí irú ìtànṣán yìí ní 1800, tẹmómítà onígíláàsì ló sì fi ṣàwárí rẹ̀. Kò tú nǹkan kan sínú ọpọlọ ẹnikẹ́ni, bí àhesọ ti sọ. Gbígbà ló ń gbà. Ṣùgbọ́n awọ ara lásán ni ó ń wò. Ẹni tó dúró sínú oòrùn yóò dà bí aláìsàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ yóò dà bí aláìlárùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tilẹ̀ ń yìn ín sí ọrùn ọwọ́, wọ́n ń ka 34, wọ́n sì ń ní kí oníbàárà máa wọlé lọ. Ẹni tí ìgbóná ara rẹ̀ bá jẹ́ 34 ní tòótọ́, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà, kì í ṣe báǹkì.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí ènìyàn ń fi nọ́ńbà náà ṣe. Èdè Yorùbá fi orúkọ kan ṣoṣo, ibà, pe ara gbígbóná àti àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà. Bí tẹmómítà bá sọ pé 38 àti ààbọ̀, ọ̀pọ̀ òbí yóò gbọ́ ọ bí ìgbà tí ó bá sọ pé kí wọ́n lọ ra oògùn ibà ẹ̀fọn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó lo oògùn náà, nítorí pé etí dídùn, òtútù àyà tàbí ìtọ̀ tó ní àrùn lè mú ara ọmọ gbóná bákan náà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ bá tó 38, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró de àgbo.

Ní ti àwọn ti ògbólógbòó tó kù nínú dúrọ́ọ̀, òfin dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wọlé ju bó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ni wọ́n lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rọ́pò tirẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ ọn bóyá wọ́n ń gbà á, kí ó má sọ ọ́ sí ààtàn. Bí ó bá sì fọ́, kí wọ́n kó àwọn ọmọdé jáde, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù. Kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbá a, nítorí ìgbálẹ̀ yóò fọ́n ọn ká ni. Páálí líle méjì ni kí wọ́n fi kó àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà jọ, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù mú àwọn tó kéré jù, kí wọ́n dà gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí, kí wọ́n sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Wúrà ọwọ́ àti ti ọrùn ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, nítorí mẹ́kúrì máa ń jẹ wúrà.