Mọ́níyà ni Ojú Irin Parí Sí: Ìrìnàjò láti Èkó sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè

Ojú irin kankan kò wọ ilẹ̀ tí wọ́n sọ di Ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ́dún 1996, nítorí náà ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó láti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ti mọ̀ kó tó gbéra pé ìlú onílùú ni yóò já òun sí. Ọ̀nà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó lọ́dún 1896 dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó kan Òṣogbo lọ́dún 1907, ó sì gba Ìlọrin àti Jẹ́bà kọrí sí Kánò, nítorí pé irè oko tí wọn yóò kó dé èbúté ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀ ṣọdún. Òṣogbo ṣì ni ibùdókọ̀ ńlá tó wà nítòsí ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, bí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá sì pèsè ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ nígbà ọdún, àsè aládùúgbò ni lójú ọmọ Ẹ̀fọ̀n.

Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 gùn tó kìlómítà 157, ó sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ: àlàfo àárín irin méjèèjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé jẹ́ mìlímítà 1,435, nígbà tí ti àtijọ́ jẹ́ 1,067, èyí tó jẹ́ kí ọkọ̀ lè sáré láì máa mi jìgìjìgì. Ìjókòó inú rẹ̀ tura, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n arìnrìnàjò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Èkó kọjá kó tó dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ọkọ̀ kì í sì í dúró de ẹni tó há sọ́nà. Àwọn tó wọ̀ ọ́ ní oṣù kejì ọdún 2022 tún rí èyí tí wọn kò retí, nígbà tí epo dísù tán nínú ọkọ̀ láàárín igbó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni Mọ́níyà, ní ìpẹ̀kun àríwá Ìbàdàn, níbi tí ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà, nítorí pé ọkọ̀ Iléṣà tí yóò gbé èèyàn sọ́nà Ẹ̀fọ̀n kò sí níbẹ̀, Ìwó Road nílùú Ìbàdàn ló wà, arìnrìnàjò yóò sì tún wọ takisí tòun ti ẹrù kó tó débẹ̀. Agbèrò ń pariwo pé ó ku ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ìjókòó márùn-ún ṣì ṣófo, gbogbo wákàtí tí ojú irin sì ti bá èèyàn dín kù ni ìdúró yìí ń gbà padà. Lẹ́yìn Iléṣà, ọkọ̀ a gba Ìwàràjà àti Ẹ̀rìnmọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, atẹ́gùn tútù a sì máa fẹ́ wọlé lójú fèrèsé.

Nígbà ìpadàbọ̀, àwọn ará ilé a ti di iṣu sínú àpò. Ta ni yóò gbé àpò iṣu láti Ìwó Road dé Mọ́níyà? Ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí Èkó ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀, ojú irin sì di ọ̀nà àlọ nìkan.