Àbùlẹ̀ Ní Ń Mú Aṣọ Tọ́

Nígbà tí mo wà lẹ́nu kíkọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ìsọlọ̀, náírà kò tíì dé, tọ́rọ́ àti sísì là ń ná, ọwọ́ òsì ni mọ́tò sì ń gbà lójú títì kí ìjọba tó yí i sí ọwọ́ ọ̀tún ní oṣù kẹrin 1972. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣòdì bí afárá ṣe gun orí ara wọn, tí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019 dúró gàgàrà, ẹ bá mi mú ọkàn padà sẹ́yìn díẹ̀. Ojú irin ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ìyá wa ń pàtẹ gàrí, èlùbọ́, iṣu, ata àti ẹja gbígbẹ sí, tó bá sì jẹ́ pé ọ̀gá rán wa lọ ra òwú níbẹ̀, òórùn irú, ti kẹrosíìnì àti ti èéfín bọ́lẹ̀kájà á bá wa délé lára aṣọ.

Ìsọ̀ ọ̀gá mi kò ju yàrá kan lọ: ẹ̀rọ Singer méjì, ọ̀kan tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ọ̀kan tí à ń fi ọwọ́ yí, áyọ́ọ̀nù eléèédú, bẹ́ńṣì, sísọ́ọ̀sì ńlá tí ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àti agolo mílíìkì tó kún fún bọ́tìnnì tí a tú lára aṣọ tó ti gbó. Èékù ọṣẹ la fi ń sàmì sára aṣọ. Ìwé àpò sìmẹ́ǹtì la kọ́kọ́ ń gé kí ọwọ́ wa tó kan aṣọ aláṣọ, torí aṣọ tí Ìyá Alákàrà fi owó àjọ rà, bí a bá gé e kúrú, kò sí ibi tí a ó ti rí òmíràn. Bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé bá gbó, a ó tú u, a ó yí inú rẹ̀ síta, a ó rán an padà, akọ̀wé á sì tún gbé e wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ṣòkòtò tó bá já lórúnkún á di péńpé fún àkọ́bí, láti ọwọ́ àkọ́bí á bọ́ sọ́wọ́ àbúrò, bó bá wá gbó kọjá bẹ́ẹ̀, á di òṣùká tàbí ohun tí à ń kì sínú ìrọ̀rí. Ìgékù àǹkárá tí ẹlòmíràn ì bá gbá dànù, àwọn ìyàwó ilé á tò ó, wọ́n á rán an pọ̀ di aṣọ ìbora aláràbarà tí kò sí irú rẹ̀ lọ́jà.

Ọ̀gá mi kì í gba aṣọ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹ sunkún, bí ẹ gbówó lé owó, á ní kí ẹ máa lọ. Lónìí, télọ̀ á gba aṣọ gbogbo àdúgbò, bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọdún, á pa fóònù, ẹnìkan á sì máa bá yín sọ lẹ́nu ọ̀nà pé bọ́tìnnì nìkan ló kù.

N kò ní parọ́ fún yín pé adùn nìkan la jẹ. Ọmọ iṣẹ́ ló ń jí pọn omi, òun ló ń fọ aṣọ ọmọ ọ̀gá, pàṣán kò sì jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iná àtùpà tí a fi ránṣọ lóru ba ojú ọ̀pọ̀ wa jẹ́. Púpọ̀ nínú àbùlẹ̀ yẹn, àìní ló fà á, kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹni tó bá ní kí a padà síbẹ̀ pátápátá kò jìyà níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àìní yẹn kọ́ wa láti ronú kí a tó gé, kí a tó rà, kí a sì tó sọ nǹkan nù.

Ìgbà tí owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ní 1975 ni ojú là sí ohun òkè òkun, tí léèsì láti Austria di aṣọ tí gbogbo òde ń bèèrè. Ní Ìsọlọ̀ níbí, ilé iṣẹ́ Aswani àti Afprint ń ṣe aṣọ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lọ gba owó oṣù níbẹ̀. Lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, náírà wọ́lẹ̀, aṣọ tuntun wọ́n bí ojú, òkìríkà, ìyẹn aṣọ àlòkù, sì gba ìgboro. Ẹ lọ sọ́jà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹ wò ó. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ tuntun nígbà náà ló wà lára ọjà tí a ti ń tú béèlì àlòkù, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ̀lú. Àbùlẹ̀ tiwa ń tì wá lójú, àlòkù àwọn ẹlòmíràn la wá ń jìjàdù lé lórí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí wá láṣọ ju àgbà lọ, ẹ kò sì fẹ́ ní àkísà rárá. Aṣọ ẹbí Sátidé yìí kò gbọdọ̀ tún jáde ní Sátidé tó ń bọ̀. Kì í ṣe aṣọ nìkan o: ẹ̀kọ tí a ń fi ewé pọ́n tẹ́lẹ̀, tí ewúrẹ́ ń jẹ ewé rẹ̀ tán, ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ọ̀rá náà sì ń dí gọ́tà wa ní Máfólúkù àti Ìsọlọ̀, títí òjò á fi gbé omi wọ yàrá.

Mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan tí ń fi ìgékù àǹkárá rán báàgì àti bàtà, inú mi sì dùn sí wọn. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wo inú àpótí yín kí ẹ tó dé ọjà. Ẹ kọ́ ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí a ti ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ àti bí a ti ń gán bọ́tìnnì. Iṣẹ́ tí ọwọ́ yín kò ká, ẹ má gbà á. Aṣọ tó já níbì kan kò tíì gbó, ẹ lẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì máa wọ̀ ọ́ lọ.